Àforíjì Ààrẹ: Ẹ̀wọ̀n Lè Parí, Ìṣirò Kò Parí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìròyìn jáde láti Abuja pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fún ènìyàn 175 ní àforíjì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Kpogan, ní etí òkun, ní ìhà ìlà-oòrùn Lomé. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Lomé lọ sí Aného, tí ó gba Cotonou dé Èkó, kò jìnnà sí ibẹ̀, ohun tí ó bá sì mi Èkó kì í ṣàì mi ọjà Lomé. Onírúurú ènìyàn ni ó wà nínú ìwé náà. Àwọn òkú wà níbẹ̀, bíi Herbert Macaulay, ẹni tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì rán lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ó ń wa kùsà láìgba àṣẹ wà níbẹ̀. Aṣòfin àná kan tí ó gba rìbá wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ta oògùn olóró wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tí kóòtù ti dá ẹjọ́ ikú fún nítorí pé ó pa ọkọ rẹ̀.

Ariwo ta. Ẹbí ọkọ tí ó kú sọ ní gbangba pé àforíjì náà tún ṣí egbò wọn. Àwọn agbẹjọ́rò bèèrè pé, bí a bá ń dá àwọn oníṣòwò oògùn olóró sílẹ̀, kí ni iṣẹ́ àwọn tí ó fi ẹ̀mí wọn wéwu láti mú wọn? Kí oṣù náà tó parí, ìjọba tún ìwé náà yẹ̀ wò. Wọ́n yọ ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jẹ mọ́ ìjínigbé, oògùn olóró, ìfènìyànṣòwò àti jìbìtì kúrò, iye ènìyàn sì dín kù sí 120. Wọ́n yí ìjìyà obìnrin náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12 nígbà náà. Ààrẹ sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tí ó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àforíjì lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Láti Dakar dé Abidjan, láti Accra dé Cotonou, kò sí olú-ìlú kan tí kò mọ ìwé àforíjì tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: ta ni a ṣẹ̀, ta sì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dárí jì?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò jọ ara wọn

Kí a tó wá ìdáhùn, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé rédíò a máa pè wọ́n pọ̀, etí olùgbọ́ kì í sì í mọ ìyàtọ̀ wọn.

Èkíní ni àforíjì ààrẹ, èyí tí a ń pè ní grâce ní èdè Faransé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọba àtijọ́ ni agbára yìí ti wá: ọba a máa gé orí, ọba a sì máa dá orí sí. Nígbà tí ààrẹ gba ipò ọba, ó jogún agbára náà. Ìwé òfin Togo ti ọdún 1992, èyí tí a fi òmíràn rọ́pò ní ọdún 2024, fi í sí ọwọ́ Ààrẹ, lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Gíga àwọn Adájọ́. Ìwé òfin Bénin ti ọdún 1990 fún Ààrẹ ní agbára kan náà. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin ọdún 1999 fi í sí abala 175 fún Ààrẹ, ó sì fi í sí abala 212 fún àwọn gómìnà. Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin Faransé ti fìdí múlẹ̀, àforíjì yìí a máa mú ìyà kúrò tàbí kí ó dín in kù. Kò sọ pé ẹni náà kò ṣẹ̀. Ẹ̀bi wà nínú ìwé kóòtù síbẹ̀.

Èkejì ni amnistie. Òfin ni a fi ń ṣe èyí, kì í ṣe ìwé àṣẹ lórí orúkọ ẹnì kan. Òun ni ó ń pa ẹ̀bi fúnra rẹ̀ rẹ́, bí ọmọ kéwú ṣe ń fi omi fọ wàláà rẹ̀. Togo ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1991, ó sì tún ṣe é ní oṣù kejìlá ọdún 1994, nígbà tí ìjà òṣèlú ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kúrò nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìyàtọ̀ èkíní àti èkejì ti pọ̀ tó, kí ó wo ọkọ àti aya kan ní Côte d'Ivoire. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Simone Gbagbo gba amnistie, gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì padà sí i lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Laurent Gbagbo gba àforíjì ààrẹ lórí ẹ̀wọ̀n ọdún 20 tí kóòtù dá fún un nítorí owó ilé ìfowópamọ́ BCEAO. Ẹ̀wọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bi kù. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò padà sínú ìwé àwọn olùdìbò, kò sì lè díje nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2025.

Ẹ̀kẹta ni ìdáláre. Kóòtù nìkan ni ó lè dá ènìyàn láre. Ní Gánà, ní oṣù kẹfà ọdún 2008, kóòtù rán Tsatsu Tsikata, ọ̀gá àná fún ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, wọ́n ní ó mú kí ìjọba pàdánù owó. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí Ààrẹ John Kufuor gbé ìjọba sílẹ̀, ó fún un ní àforíjì. Tsikata kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò ṣẹ̀, òun kò sì bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni dárí ji òun. Ó ń bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ títí di oṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbà tí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre. Ẹni tí ó bá gba àforíjì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ààrẹ. Ẹni tí a bá dá láre kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ará Ogoni kò fi jó nígbà tí Ààrẹ Tinúbú fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ ní àforíjì ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2025. Ìjọba ológun ti so wọ́n kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ tí ayé gbogbo bu ẹnu àtẹ́ lù. Àwọn ènìyàn wọn ní àforíjì túmọ̀ sí pé wọ́n ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ìjọba jẹ́wọ́ pé wọn kò ṣẹ̀.

Àwọn gómìnà mẹ́ta

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di egbò ni nígbà tí ẹni tí a dárí jì jẹ́ ẹni tí ó di àpò ìlú mú. Diepreye Alamieyeseigha jẹ́ gómìnà Bayelsa láti ọdún 1999. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá mú un ní London lórí ẹ̀sùn owó tí a kò mọ orísun rẹ̀. Wọ́n gba onídùúró rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ó ti sá padà sí Nàìjíríà láìdúró de ẹjọ́. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ yọ ọ́ nípò ní oṣù kejìlá. Ní oṣù keje ọdún 2007, ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní kóòtù, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, ó sì jáde láìpẹ́ nítorí ọjọ́ tí ó ti lò ní àtìmọ́lé. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan fún un ní àforíjì. Jonathan yìí kan náà ni ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ní Bayelsa. Àwọn agbẹnusọ ìjọba ní Alamieyeseigha ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti mú àlàáfíà wá sí Niger Delta. Àwọn mìíràn rí ọmọ iṣẹ́ tí ó ń san oore fún ọ̀gá rẹ̀.

Ti Joshua Dariye, gómìnà àná ní Plateau, àti Jolly Nyame, gómìnà àná ní Taraba, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọdún 2007 ni àwọn méjèèjì dé iwájú adájọ́. Ọdún 2018 ni ìdájọ́ tó jáde. Owó náírà tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ ni kóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó. Wọ́n pe ẹjọ́ dé Kóòtù Gíga Jùlọ, kóòtù náà sì fọwọ́ sí i pé kí Nyame ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 12, kí Dariye ṣe ọdún 10. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tí ó gorí oyè pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò bá ìwà ìbàjẹ́ jà, fi orúkọ wọn sínú àwọn ènìyàn 159 tí a fún ní àforíjì, wọ́n ní ara wọn kò yá. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ọdún 11 ni ó gbà kí ìdájọ́ tó bá wọn, kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ tí àforíjì fi dé.

Ní ti aṣòfin àná inú ìwé ọdún 2025, Farouk Lawan ni. Ní ọdún 2012, ilé aṣòfin fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí àwọn tí ó ń jí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù. Lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ó ti gba rìbá 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan, kí ó lè yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀sùn. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán ní ọdún 2024. Kò sí ẹ̀wọ̀n tí àforíjì máa mú kúrò mọ́. Orúkọ ni wọ́n fẹ́ fọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora.

Nígbà tí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni a ṣẹ̀

Bí ẹnì kan ní Kpogan bá jí àwọ̀n apẹja kan, àwọn àgbà lè parí ọ̀rọ̀ náà láìdé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n wọn kì í parí rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ó ni àwọ̀n. Òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Wọn yóò bèèrè pé níbo ni àwọ̀n wà. Bí ó bá ti bàjẹ́, ta ni yóò san án? Ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò jẹ́wọ́, yóò dá ohun olóhun padà, yóò bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí a ṣẹ̀ yóò sọ pé òun ti gbọ́. Àforíjì tí ó wá kí àwọ̀n tó padà jẹ́ olè kejì.

Owó ìlú yàtọ̀ nítorí pé olówó rẹ̀ kò jókòó síbi kan. Owó tí kò di ilé ìwòsàn, ta ni ó pàdánù rẹ̀? Aláboyún tí kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn yẹ kí ó wà ní abúlé òun kò lè wá ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ní etíkun Togo, òkun ti gba ilé àti oko àgbọn; bí ẹnikẹ́ni bá kó owó tí a yà sọ́tọ̀ fún dídá omi dúró, òkun kì í dúró de ìdájọ́. Nítorí náà, bí ààrẹ bá dárí ji ẹni tí ó kó owó ìlú, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ó fi ń ṣe ọ̀làwọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yẹ kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn olówó.

Senegal gbìyànjú láti ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, kóòtù dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún Karim Wade, mínísítà àná tí ó tún jẹ́ ọmọ ààrẹ àná, ó sì ní kí ó san owó ìtánràn sẹ́fà bílíọ̀nù 138. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Ààrẹ Macky Sall fún un ní àforíjì. Ṣùgbọ́n ìjọba sọ ọ́ ní kedere pé ẹ̀wọ̀n ni ó lọ, owó ìtánràn wà síbẹ̀. Ìyẹn dára létí. Síbẹ̀, Karim Wade wọ bàálù lọ sí Qatar ní òru náà, gbígba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti kọjá odò kò sì rọrùn. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Khalifa Sall, olórí ìlú Dakar tẹ́lẹ̀, gba àforíjì tirẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún nítorí owó sẹ́fà bílíọ̀nù 1.8. Ìdìbò ààrẹ tí kò lè kópa nínú rẹ̀ ti kọjá ní oṣù kejì ọdún kan náà. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ìdí nìyí tí wọ́n fi mú un. Àwọn alátakò rẹ̀ ní owó ìlú ni ó ná. Àforíjì kò dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ó kàn pa wọ́n mọ́ inú àpótí ni.

Bénin àti Togo

Ní Bénin, ìrántí àforíjì ọdún 2014 kò tíì parẹ́. Ní ọdún 2012, ìjọba Ààrẹ Boni Yayi fi ẹ̀sùn kan oníṣòwò ńlá Patrice Talon pé ó fẹ́ fún Ààrẹ ní májèlé jẹ. Talon sẹ́, ó wà ní Faransé, ilé ẹjọ́ Faransé kò sì gbà láti fi í lé Bénin lọ́wọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, láìsí pé kóòtù kankan ti dá a lẹ́bi, Boni Yayi sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ti dárí ji Talon àti Olivier Boko, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2016, Talon di ààrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, kóòtù pàtàkì CRIET dá ẹ̀wọ̀n ọdún 20 fún Olivier Boko yìí kan náà, wọ́n ní ó gbìmọ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ Talon. Títí di òní, ará ìlú Bénin kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ní ọdún 2012, nítorí pé àforíjì gba ipò ìdájọ́.

Togo náà mọ adùn àti ìkorò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Covid dé, àforíjì ààrẹ mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n 1,048 jáde, kí àrùn má baà ràn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ènìyàn kún fọ́fọ́. Kò sí ẹni tí ó bínú sí èyí. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni a dá àforíjì sílẹ̀ fún: àwọn tálákà tí kò ní agbẹjọ́rò, tí ìjìyà wọn ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti Kpatcha Gnassingbé, mínísítà àná fún ààbò ilẹ̀, àbúrò Faure Gnassingbé tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà. Wọ́n mú un ní ọdún 2009, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 20 fún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, wọ́n ní ó gbìmọ̀ ìfipágbàjọba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀bẹ̀ àforíjì fún un. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní wọ́n fìyà jẹ àwọn kí àwọn tó sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2012, ìwé ìwádìí méjì jáde lórúkọ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Alága rẹ̀, Koffi Kounté, ní èyí tí ó jẹ́wọ́ ìyà náà ni òtítọ́, ó sì dúró sí Faransé. Ní oṣù keje ọdún 2013, Kóòtù ECOWAS pàṣẹ kí ìjọba Togo san owó fún àwọn tí a fìyà jẹ. Bí àforíjì bá wà fún ẹlẹ́wọ̀n, ìṣirò wo ni ó wà fún ẹni tí ó nà án?

Ìbéèrè yẹn ni ìbéèrè ìdìbò ọdún 2005 pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́, Ìdájọ́ àti Ìlàjà, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Nicodème Barrigah, gba ẹ̀rí tí ó ju 20,000 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Ààrẹ Faure Gnassingbé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú lórúkọ ìjọba. Láti ọdún 2017, àwọn kan ti gba owó ìtùnú. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé èyí kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pàdánù ọmọ gbọ́ àforíjì, ó gba owó, kò sì gbọ́ orúkọ ẹni tí ó yìnbọn. Àwọn àgbà ní ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Wọn kò sọ pé kí a fi ìbọ̀wọ́ bo gbogbo ọwọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè

Kì í ṣe pé kí a mú àforíjì kúrò nínú òfin. Adájọ́ a máa ṣe àṣìṣe, òfin a máa le jù, ọgbà ẹ̀wọ̀n a sì máa kún. Orílẹ̀-èdè tí kò mọ àánú yóò di ilé ìyà. Ohun tí ó yẹ ni kí àánú ní ìlànà.

Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu ẹni tí a ṣẹ̀. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ìjọba tẹ orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdí àforíjì kọ̀ọ̀kan jáde kí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n tó ṣí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹni tí ó kó owó ìlú dá a padà ná. Kí ààrẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé fún ọ̀gá rẹ̀ àná tàbí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Togo, HAPLUCIA, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2015 láti dènà ìwà ìbàjẹ́, àti Ilé Ẹjọ́ Ìṣirò Owó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò ní ìtumọ̀ bí ìwé kan ṣoṣo bá lè fagi lé e.

Ẹ̀rí wà pé ìṣirò kì í kú. Alamieyeseigha gba àforíjì ní ọdún 2013, ó kú ní ọdún 2015. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2023, Amẹ́ríkà gbà láti dá owó tí ó ju 950,000 dọ́là lọ padà fún Nàìjíríà, lára ohun tí ó kó. Ìwé àforíjì ti mú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrò. Kò mú orúkọ àwọn tí ó ni owó náà kúrò.

Ìwé ọdún 2025 sì dín kù láti 175 sí 120 nítorí pé àwọn ènìyàn kà á, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í jáde ní èdè wa. Nígbà tí ọ̀kan bá tún jáde, kí ẹni tí ó mọ Faransé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bèèrè ní orúkọ kọ̀ọ̀kan: kí ni ó ṣe, ta ni ó ṣe é sí, ṣé ó ti dá a padà?